Bí Mo Ṣe Gba Ìtọ́jú fún Ọkàn Tó Ń Ṣàdédé Sáré

Ọkàn ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ sábà máa ń lù láàárín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Tèmi a máa fò sókè kọjá 180 lójijì, nígbà mìíràn tí mo bá kàn bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, tó bá sì yá, á tún bọ́ sílẹ̀ lójijì. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń dúró yìí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà bí irú rẹ̀ bá ń ṣe yín. Ọkàn tí ìpayà ń mú sáré sábà máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀ náà ló sì máa ń rọlẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi rí pé àròjù ni, pé kí n lọ sinmi.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ mi padà ni ìwé ECG, ìyẹn ìwé tó ń ya bí iná mànàmáná kékeré tó ń mú ọkàn lù ṣe ń rìn, tí wọ́n yọ nígbà tí ọkàn ń sáré lọ́wọ́. Tó bá ti rọlẹ̀ tán, ECG lè dára pátápátá. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n so mọ́ mi láyà fún wákàtí 24 kò rí nǹkan kan mú, nítorí ọkàn mi kò sáré ní gbogbo àsìkò yẹn. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ tí kò tètè lọ, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, mo sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ń sáré lọ́wọ́ báyìí, ẹ bá mi yọ ECG kó tó dúró." Wọ́n yọ ọ́. Mo gba ẹ̀dà kan, mo sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀.

Láti dá ìsáré náà dúró, wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú síríǹjì fún ìṣẹ́jú àáyá 15, wọ́n sì yára tẹ́ mi sílẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sókè. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Oògùn tí wọ́n ń pè ní adenosine ni wọ́n wá fún mi, mílígíráàmù 6, láti inú iṣan apá, wọ́n sì fi omi iyọ̀ tì í lẹ́yìn kíákíá torí kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Àyà mi wúwo, ẹ̀rù ńlá bò mí. Kí n tó mí kanlẹ̀, ọkàn ti padà sípò.

Ìwé ECG yẹn ni mo gbé lọ bá dókítà tó ń tọ́jú iná inú ọkàn. Ó ní AVNRT, irú ìsáré ọkàn kan, ló jọ. Ojú ọ̀nà tí iná ń gbà láti ìyẹ̀wù òkè ọkàn sí ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ pín sí méjì lára mi: ọ̀kan yára, èkejì ń falẹ̀. Bí ìlù kan bá ṣèèṣì wọlé ṣáájú àkókò, tí ọ̀nà tó yára kò tíì ṣetán, iná á gba ọ̀nà tó ń falẹ̀ sọ̀kalẹ̀, á bá èkejì gòkè padà, á wá máa pòòyì bí òkòtó. Mo lè máa lo oògùn lójoojúmọ́, tàbí kí wọ́n gba inú iṣan wọnú ọkàn lọ jó ọ̀nà tó ń falẹ̀ náà. Nínú ènìyàn 100, jíjó yìí máa ń yanjú rẹ̀ fún bíi 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewu rẹ̀ ni pé ọ̀nà gidi tí iná ń gbà dé ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ń jó. Bó bá fara pa, èèyàn lè nílò ẹ̀rọ tí yóò máa ti ọkàn lù. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ mo ronú lé e kí n tó fọwọ́ sí ìwé.

Wọ́n dá oògùn tí mo ń lò fún ọkàn dúró ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ jíjó náà, kó má baà bo àìsàn náà mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín o. N kò jẹun láti òru.

Yàrá náà tutù, ẹ̀rọ ló kún inú rẹ̀. Wọ́n lẹ nǹkan mọ́ mi láyà àti lẹ́yìn, wọ́n fún mi ní oògùn tó mú ara rọ̀ mí, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ pa ibi tí itan ti pàdé ikùn kú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ti àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan dé inú ọkàn. Mo mọ̀ pé wọ́n ń tì mí nítan. Nínú àyà, n kò mọ̀ pé wáyà wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá ìsáré náà sílẹ̀. Wọ́n ń fi iná kékeré ti ọkàn mi lù, wọ́n á wá ju ìlù kan sí i ṣáájú àkókò. Ní 1967 ni Dirk Durrer, dókítà ọkàn kan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amsterdam fi hàn pé irú ìlù bẹ́ẹ̀ lè dá ìsáré ọkàn sílẹ̀, kó sì tún dá a dúró. Tèmi kò kọ́kọ́ jẹ́, àfìgbà tí wọ́n fún mi ní oògùn tó ń gbé ọkàn sókè. Bó ṣe gbéra, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: òun gan-an ni. Dókítà ní, "Ó ti dé o." Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, pé ẹlòmíràn náà ń wo ohun tó ń ṣe mí lójúkorojú.

Wọ́n dá a dúró, wọ́n wá ojú ibi tí wọ́n máa jó, wọ́n sì mú kí ẹnu wáyà gbóná. Mo rí ìgbóná díẹ̀ láàárín àyà. Ọkàn a máa ju àwọn ìlù kan nígbà náà, èyí tó fi hàn pé ibẹ̀ ló yẹ. Síbẹ̀, ẹnì kan ń tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n lè dá jíjó náà dúró kíá bí ọ̀nà gidi bá fẹ́ dí. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n dúró fún bí ààbọ̀ wákàtí, wọ́n tún gbìyànjú láti dá a sílẹ̀, pẹ̀lú oògùn yẹn. Kò jẹ́ mọ́.

Wọ́n tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró, mo sì fẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ẹsẹ̀ nínà. Ó ṣú dúdú nítan. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, n kò gbé ẹrù wúwo. Wọ́n ní bí ibẹ̀ bá wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ibà mú mi tàbí àyà dùn mí, kí n padà wá kíákíá.

Títí di ìsinsìnyí, ìlù kan ṣoṣo a máa ṣèèṣì wọlé ṣáájú àkókò, àyà á já díẹ̀, mo sì máa ń dúró kó gbéra. Kì í gbéra mọ́. Dókítà ní irú ìlù bẹ́ẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le, àti pé ojú ọ̀nà tí ìsáré ń gbà pòòyì ni wọ́n jó, kì í ṣe àwọn ìlù wọ̀nyẹn. Mi ò lo oògùn kankan fún un mọ́.