Ẹja yíyan ló dí mi nímú

Yúrò 112 ló bọ́ lọ́wọ́ mi kí n tó gbóòórùn èéfín nínú ife wísíkì. Ẹ jẹ́ n tún un sọ: yúrò méjìléláàádọ́fà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, kí inú mi lè rọ̀ díẹ̀.

Ìpàdé ìparí ọdún níbi iṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Dublin, ní Ireland níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan bu wísíkì díẹ̀ fún mi, ó ní ti ilẹ̀ wọn ni, kì í ṣe ti Scotland. Mo gbé e sẹ́nu, àfi bíi pé mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ìyá mi àgbà ní Ìkìrun lówùúrọ̀, igi tútù ń rú èéfín. Mi ò béèrè orúkọ ọtí náà. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo gba ilé ìtajà ọtí lọ lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo ní mo fẹ́ wísíkì Ireland tó ní èéfín. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà na ìgò dúdú kan sí mi, ó ní wọ́n fi iná jó inú àgbá tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Iná rèé, èéfín rèé, kí ni mo tún ń wádìí? Mo san yúrò 54. Mo délé, mo tọ́ ọ wò: oyin, fàńílà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀. Èéfín? Kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé e padà lọ, wọ́n ní ìgò tí wọ́n bá ti ṣí kì í padà sórí igbá. Mo bínú débi pé mo gbàgbé agbòòrùn mi síbẹ̀.

Ohun tí ọmọ yẹn kò mọ̀, tàbí tó mọ̀ tí kò sọ, ni pé iná inú àgbá yàtọ̀ sí èéfín peat. Àgbá tí wọ́n bá jó inú rẹ̀, adùn àti àwọ̀ ló máa ń fún ọtí. Peat ní tirẹ̀, koríko àti ewéko tó ti jẹrà sínú àbàtà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni. Wọ́n á gé e bíi bíríkì, wọ́n á sá a, wọ́n á fi dáná. Tí wọ́n bá ti rẹ ọkà báálì sómi tó sì ti hù, orí èéfín peat yẹn ni wọ́n ti máa gbẹ ẹ́. Ara ọkà ni èéfín ti ń wọlé, kí ọtí tó di ọtí rárá. Ọ̀pọ̀ jù lọ wísíkì Ireland kì í fojú kan èéfín yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń rà á, ọ̀rọ̀ tí ẹ óò wá lára ìgò ni Peated. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwọ̀ dúdú tàn yín.

Èyí tí mo wá rà lẹ́yìn náà ni Connemara, yúrò 58. Wọ́n kọ Peated sára rẹ̀ gàdàgbà. (Orúkọ rẹ̀ náà kò bá ibi tó ti wá mu o. Connemara wà ní Galway, ní ìwọ̀-oòrùn. Cooley ní Louth, ní ìlà-oòrùn, ni wọ́n ti ń sè é, níbi tí John Teeling ti sọ ilé iṣẹ́ tó ń fi ọ̀dùnkún ṣe ọtí líle di ilé wísíkì ní 1987.) Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń sè é kí ooru rẹ̀ tó di ọtí, bí a ti ń se ògógóró, nígbà tí wọ́n ń se ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ṣí i ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Òórùn ọtí lásán. Mo ní bóyá yìnyín tí mo jù sí i ló pa á, mo dà á nù, mo bu òmíràn láìsí yìnyín. Bákan náà. Mo pààrọ̀ ife, mo gbé ife ẹlẹ́nu tóóró. Mo ti imú bọ inú rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú mi. Adùn wà, ó ń ta lahọ́n, ṣùgbọ́n ẹ fi èéfín hàn mí.

Alẹ́ Sátidé, mo tún jókòó tì í. Mo fi omi ṣíbí kékeré kan sí i bí ẹnì kan ti kọ́ mi. Kò sí ìyàtọ̀. Mo pe Ìyá Ìbejì kó wá gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má bá mi ṣeré, ọwọ́ mi kún." Lóòótọ́ ọwọ́ rẹ̀ kún. Ọjọ́ kejì ni ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni yóò se ẹ̀fọ́, ó sì ti ra ẹja àrọ̀ yíyan àpò kan ní Moore Street. Láti Jímọ́ọ̀ ló ti ń fọ̀ ọ́, tó ń yọ egungun rẹ̀, tó ń sè é. Òtútù kò jẹ́ ká ṣí fèrèsé. Èmi sì wà nídìí tábìlì nínú kíṣìnì kan náà, mò ń fapá jánú pé wọ́n ti tún gbá mi.

Lẹ́yìn ìdúpẹ́, mo gbé ìgò náà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Drogheda kó wá jẹ́rìí mi. Mo ṣí ìdérí rẹ̀ lórí tábìlì wọn. Ìyàwó wọn, tí kì í fẹnu kan ọtí láyé, yọjú láti yàrá: "Ta ló ń yan ẹja níbí?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ náà, gbóòórùn kóòtù rẹ." Mo gbé apá kóòtù mi símú. Ẹja. Mo ti wà nínú òórùn èéfín ẹja fún ọjọ́ méjì, imú mi ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ bi oníirú lọ́jà bóyá ó ṣì ń gbọ́ òórùn irú.

A jáde síta nínú afẹ́fẹ́ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí a wọlé, mo bu díẹ̀, kò ju ìka kan lọ. Mo gbé ife sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, mo la ẹnu díẹ̀, mi ò ti imú bọ̀ ọ́. Háà! Eérú, oyin, èso ápù, lẹ́yìn náà èéfín tó gùn sí ọ̀nà ọ̀fun tí kò lọ bọ̀rọ̀. Mo fi omi kán sí i, adùn ọkà jáde síwájú, èéfín rọra sún sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ní Laphroaig, wísíkì elééfín kan ní Scotland, ń rùn bí ilé ìwòsàn. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀, ó rọ̀ lára.

Láti ìgbà náà mo ti tọ́ Blackpitts wò, wísíkì ilé iṣẹ́ Teeling ní Dublin níbí: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n se é, síbẹ̀ ó ní peat, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi bu ife mẹ́ta fún mi lọ́jọ́ kan, wọ́n dì mí lójú. Mo mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní mo yọjú wò. Mi ò yọjú wo nǹkan kan.

Ní tèmi, bí ẹ bá fẹ́ mu ún, kí ẹ má dáná ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ má sì jẹ ata rodo ṣáájú. Ìyókù á kọ́ yín fúnra rẹ̀. Ní ti ìgò dúdú àkọ́kọ́ yẹn, Ìyá Ìbejì ti ń dà á sínú kéèkì Kérésì. Ó ní ó dùn. Ó kù sí ìdajì.