Bí a ṣe ń fa omi sábẹ́ awọ ológbò tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu

Kíndìnrín tó ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ kì í lè dá omi dúró sára ológbò mọ́. Ẹ ó rí i tó ń lá omi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ̀, á sì mọ́ gaara, síbẹ̀ ara rẹ̀ á máa gbẹ. Omi tí a ń fà sábẹ́ awọ kò ní wo kíndìnrín náà sàn. Èyí tó bá ìtọ̀ lọ ló ń dá padà, kí ẹranko náà lè jẹun, kí ìgbẹ́ rẹ̀ má baà le, kí ó sì lókun láti dìde rìn. Iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ kò ṣòro kọ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ sábà máa ń ti ṣẹlẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kan awọ: omi tí kì í ṣe òun, ìwọ̀n tí kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, tàbí ọkàn tí kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Ìlọrin ní ilé ìwòsàn ẹranko. Ẹni tó ń gbé Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Ìgbàjà lè gbé ológbò rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, kí ó gba ìwé oògùn, kí ó sì padà sílé lọ máa ṣe ìyókù. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi dókítà nípa ọkàn ẹran náà. Ológbò tí ọkàn rẹ̀ kò dára, omi tó ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ kí ó sì pa á. Ẹ jẹ́ kí dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é níṣojú yín, kí ẹ̀yin náà sì ṣe é níṣojú rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó rà

Omi tí dókítà sábà máa ń kọ ni Ringer's lactate, 500 ml. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ normal saline, ìyẹn omi oníyọ̀. Ohun tó wà nínú ìwé nìkan ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá dé ilé oògùn tí wọn kò ní in, ẹni tó ń tà á lè na dextrose saline tàbí dextrose 5% sí yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pé dríìpù ṣáà ni gbogbo rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni omi oníṣúgà wà fún. Tó bá wọ abẹ́ awọ, ó lè ta ẹranko náà, ó sì ń fún kòkòrò àrùn lóúnjẹ. Awọ ibẹ̀ lè wú, kí ó jẹrà, kí ó sì ṣí kúrò. Darrow's, dríìpù mìíràn tí wọ́n ń fún ọmọdé tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ní pọ́tásíọ́ọ̀mù, irú iyọ̀ kan, tó pọ̀ ju èyí tí a lè fi ṣeré nínú ẹran tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ ka ara ike náà fúnra yín, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ohunkóhun bá ń léfòó nínú rẹ̀, tàbí tí omi ń jò nígbà tí ẹ bá fún un, ẹ dá a padà.

Okùn dríìpù, èyí tí àwọn oníkẹ́míìsì mọ̀ sí giving set, ẹ ra ti àgbàlagbà, tí ẹ̀kán 20 nínú rẹ̀ jẹ́ 1 ml. Ti ọmọdé tó ń kán 60 fún 1 ml á pẹ́ jù, sùúrù ológbò á sì tán.

Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 tí ìdí rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tàbí 20 tó jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò, ló dára jù. Nọ́ńbà 21 aláwọ̀ ewé, tó sábà máa ń bá sírínjì wá, ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ń lọ́ra. Èèyàn lè rò pé abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín ló ṣàánú ẹran; àmọ́ abẹ́rẹ́ tó nípọn díẹ̀, tí iṣẹ́ fi tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kì í dà á láàmú tó èyí tó di í mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú ogún. Ẹ má gba kánúlà, ọ̀pá ike tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, dípò abẹ́rẹ́. Ẹ má sì fi àwọ̀ ọ̀kan ṣe ìwọ̀n èkejì, nítorí kánúlà aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kì í ṣe nọ́ńbà 18.

Ìwọ̀n

Fún ológbò tó wọn 4 kg, 100 ml sí 150 ml lẹ́ẹ̀kan ni dókítà sábà máa ń sọ. Ti ẹlòmíràn jẹ́ ojoojúmọ́, ti ẹlòmíràn ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ti dókítà yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ti ológbò aládùúgbò.

Ilà ara ike rírọ̀ máa ń tan ojú jẹ, nítorí pé ike náà ń sún kì bí omi inú rẹ̀ ṣe ń dín. Ìwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò dára ju ilà lọ: 100 ml omi yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 100 g. Ẹ wọn ike kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n nígbà tí ẹ bá rò pé ó tó. Ẹni tí kò ní ìwọ̀n, kí ó lẹ pílásítà mọ́ ara ike, kí ó fi bíírò fàlà síbi tí omi wà àti ibi tó gbọ́dọ̀ dúró sí.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é

Ẹ yan àkókò kan, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì dára nínú ọ̀pọ̀ ilé, nítorí àwọn ọmọ agboolé ti wọlé sùn. Ẹ lọ sí yàrá tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò pọ̀ sí, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ sì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé kò sí ihò tí músù lè sá wọ̀.

Nígbà ooru oṣù kẹta, omi inú yàrá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ tó, kò nílò iná. Ní ọjọ́ ọyẹ́, tàbí tó bá ti inú fíríìjì wá, ẹ ki ike náà bọ inú abọ́ omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má gbé e lé iná, ẹ má sì fi í sínú máíkírówéfù, tó ń mú ibì kan hó nígbà tí ibòmíràn ṣì tutù. Ẹ kán díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ní gbígbóná tàbí tútù, ó ti tó.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ fi ike náà kọ́ ìṣó tàbí irin fèrèsé, kí ó ga ju ẹ̀yìn ológbò lọ ní bíi mítà kan. Ẹ kọ́kọ́ yí kẹ̀kẹ́ kékeré ara okùn pa. Ẹ ṣí ẹnu okùn, ẹ gún un wọ inú ike láìfi ọwọ́ kan ṣóńṣó rẹ̀, ẹ fún ibi tí omi ti ń kán títí yóò fi kún dé ìdajì. Ẹ wá yí kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kí omi lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ pa á, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i. Abẹ́rẹ́ tuntun ní gbogbo ìgbà. Ẹnu abẹ́rẹ́ ń kú lẹ́yìn gígún ẹyọ kan, ó sì ń kó ìdọ̀tí wọlé.

Ẹ gbé ológbò sórí tábìlì tàbí sínú páálí tí ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sí, kí ojú rẹ̀ kọ ibòmíràn. Ẹnì kan lè máa fún un ní ẹja bíńtín tí a bọ̀ láìfi iyọ̀ àti máàgì sí. A kò gba yín nímọ̀ràn láti fi spirit pa irun rẹ̀: irun kò tipa bẹ́ẹ̀ mọ́ pátápátá, òórùn rẹ̀ sì ń bí ológbò nínú. Bí ibẹ̀ bá dọ̀tí, ẹ fi omi mímọ́ nù ún, kí ó gbẹ.

Láàárín èjìká méjèèjì, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá gbé awọ sókè bí àgọ́. Ẹ kọjú ibi tí wọ́n ti gé ẹnu abẹ́rẹ́ sókè, ẹ dà á dùbúlẹ̀ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá egungun ẹ̀yìn dọ́gba, kí ẹ sì tì í wọ ẹsẹ̀ àgọ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìmikàn. Títì í díẹ̀díẹ̀ ló ń dunni. Ẹ tú awọ sílẹ̀, ẹ rọra di ìdí abẹ́rẹ́ mú, kí ẹ yí kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Ibi tí ẹ gún á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ máa pààrọ̀ ibi tí ẹ ń gún, lónìí ọ̀tún, lọ́la òsì.

Tí ó bá pé, ẹ pa kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó fa abẹ́rẹ́ yọ, kí ẹ sì fún ojú ihò náà pọ̀ mọ́ra fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀kán omi kan tàbí méjì tó pupa díẹ̀ lè jáde, kò burú. Ẹ má fọwọ́ tẹ ibi tó wú náà.

Tí kò bá lọ dáadáa

Omi kò kán: ẹ wò ó bóyá okùn ti ká, tàbí ẹnu abẹ́rẹ́ ti fara ti awọ láti inú. Ẹ rọra yí abẹ́rẹ́ tàbí kí ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó sábà máa ń tú. Bó bá jẹ́ ike líle, afẹ́fẹ́ ni kò ráyè wọlé. Ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà lára okùn, nítòsí ibi tó gún ike.

Irun tútù: abẹ́rẹ́ ti gba òdì kejì àgọ́ jáde. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn gún ibòmíràn. Bí ológbò bá fò gẹ́rẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀, yálà omi tutù jù, tàbí abẹ́rẹ́ ti wọ inú ẹran ara rẹ̀. Bí awọ bá ń dún rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́ lábẹ́ ọwọ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló wọlé. Yóò lọ fúnra rẹ̀.

Omi náà lè ṣàn lọ sí apá tàbí abẹ́ àyà, kí ẹsẹ̀ kan wú ju èkejì lọ. Ẹ má bẹ̀rù, ara á fà á láàárín wákàtí mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí wíwú náà bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí àkókò tó kàn bá dé, ẹ má fi òmíràn kún un. Ẹ pe dókítà. Ibi tó gbóná, tó le, tó ń dùn ún tàbí tó ń rùn ti ní kòkòrò àrùn. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Mímí ni ẹ ó máa ṣọ́ jù. Nígbà tí ó bá sùn dáadáa, ẹ ka iye ìgbà tí àyà rẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ka lílọ àti bíbọ̀ sí ẹyọ kan. Bó bá ju 30 lọ, tàbí tó ń fi ẹnu mí, ẹ dá omi dúró, kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà kíákíá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru.

Tí kò bá jẹun, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má sì fún un ní parasitamọ́ọ̀lù rárá: ó ń pa ológbò. Ibuprofen ń ba kíndìnrín tó ṣẹ́kù jẹ́.

Ìtọ́jú ike àti abẹ́rẹ́

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ dé abẹ́rẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò lórí okùn, kí ó máa dí ẹnu rẹ̀ títí di ìgbà tó kàn, tí ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń lo 100 ml lójoojúmọ́ á tán 500 ml lọ́jọ́ karùn-ún, kò sí ìyọnu. Ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí ó ṣọ́ra, nítorí ike tó ti ṣí kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ méje lọ nínú fíríìjì. Níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná kì í dúró, ẹ tètè dà á nù. Owó ike tuntun kéré sí owó ìtọ́jú egbò. Èyí tó bá yí àwọ̀ padà, ẹ dà á nù láìronú lé e lórí.

Abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò, inú ike líle tó ní ìdérí ni kí ẹ máa kó o sí, kí ẹ sì kó o fún ilé ìwòsàn tí ẹ bá tún lọ. Àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ń fi ọwọ́ lásán ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ ọjọ́, iye ml, bó ṣe jẹun àti ìwọ̀n ara rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ gun orí ìwọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ gùn ún láìsí rẹ̀, kí ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣàdédé lọ sókè láàárín ọjọ́ méjì, tí kò sì jẹun púpọ̀, omi ló ń kóra jọ, kì í ṣe pé ó ń sanra. Ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó tún gbé ike kọ́.