Ìsédò Oníyẹ̀pẹ̀: Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ibi Tí Omi Máa Gbà Jáde

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti onílé tó wà létí odò, láti agbègbè Ìlọrin títí wọ ilẹ̀ Ìgbómìnà, ẹni tó fẹ́ fi yẹ̀pẹ̀ mọ ìsédò kékeré láti dá àgbàrá dúró la kọ ìwé yìí fún, àti ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni kejì yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Tí ìsédò bá já lóru, òun ni omi máa kọ́kọ́ bá lórí ẹní.

Mo ti rí ìsédò kan lọ́nà Ajàṣẹ́-Ìpo tí wọ́n mọ dáadáa. Yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ le, koríko bò ó, kò jò níbì kankan. Bàbá kan wá rí i pé ẹja máa ń bá omi lọ lójú ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀, ìyẹn ibi tí omi àṣejù ń gbà jáde, ló bá fi ìgèrè méjì dí i, ó fi igi gún wọn mọ́lẹ̀. Òjò oṣù Kẹsàn-án wọ́ ewé, pòròpórò àgbàdo àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà wá, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìgèrè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti gun orí ìsédò, ó ti là á láàárín bí ẹni fi okùn gé ẹ̀kọ. Oko ìrẹsì mẹ́ta bá a lọ. Ìgèrè ṣì dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní tirẹ̀, ẹja mẹ́rin wà nínú rẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbi tí owó pọ̀ sí. Ní Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olówó kan ló ni ìsédò oníyẹ̀pẹ̀ South Fork. Wọ́n fi asẹ́ irin sójú ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀ kí ẹja wọn má bàa sá lọ, wọ́n sì gé orí ìsédò náà wálẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè ráyè kọjá. Páìpù ìsàlẹ̀ tí wọn ì bá fi dín omi kù, wọ́n ti tú u tà kó tó di tiwọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1889, lẹ́yìn òjò ńlá, omi gun orí rẹ̀, ó já, ó sì pa èèyàn tó lé ní 2,200 ní Johnstown àti àyíká rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ gíga ìsédò, ẹ wá ọ̀nà omi àṣejù ná. Ẹ gé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, sórí ilẹ̀ tí ọkọ́ ò tíì tú rí. Ẹ má gbé e gba orí yẹ̀pẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ. Kó fẹ̀, kó tẹ́jú, kí koríko bò ó, kó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 3, ó kéré tán, rẹlẹ̀ ju orí ìsédò lọ. Lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, kí ẹnì kan lọ kó pàǹtí ibẹ̀ kúrò.

Amọ̀ ni yẹ̀pẹ̀ tí ẹ nílò. Ẹ bu díẹ̀, ẹ rin ín, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé, ẹ wá ká a bí òrùka. Tí kò bá já, ó dáa. Ẹ tún ju ègé kan sínú omi tó mọ́ nínú ife gíláàsì, ẹ má rò ó. Tí omi tó yí i ká bá dà bí omi ògì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi amọ̀ yẹn sílẹ̀, yíyọ́ ló máa yọ́ nínú ìsédò.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí. Ẹ ha koríko àti gbòǹgbò kúrò, ẹ gbẹ́ kòtò gba ìdí rẹ̀ kọjá títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ tó le, ẹ fi amọ̀ dí i padà. Ẹ máa tẹ́ yẹ̀pẹ̀ sí i ní ìpele ìpele, kí ìpele kan má nípọn ju ìnṣì 6 lọ, kó tutù díẹ̀, kí ẹ gún un dáadáa kí òmíràn tó gùn ún. Kí orí rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Bó bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kó nà jáde ní mẹ́ta níhà omi, kó nà ní méjì ààbọ̀ lẹ́yìn. Èyí tó bá máa ga ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, ẹ má dá a ṣe. Ẹ pe ẹnjiníà.

Ẹ má gbin máńgòrò tàbí ọ̀pẹ sórí ìsédò. Bí gbòǹgbò bá jẹrà, ọ̀nà ló ṣí sílẹ̀ fún omi yẹn. Ti òkété tún burú jù, nítorí ihò rẹ̀ kì í hàn nínú koríko gíga. Ẹ máa gé koríko náà kúrú, kí ẹ lè rí ojú ihò, kí ẹ tú u, kí ẹ fi amọ̀ gún un padà. (Ẹran òkété náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.) Ẹ ya ibi tí màlúù á ti máa mumi sọ́tọ̀.

Tí ẹ bá rí i tó ń jò lẹ́yìn, ẹ gbé ife síbẹ̀. Tí omi inú ife bá mọ́ kedere, ẹ máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Tó bá dọ̀tí, inú ìsédò ló ń jẹ lọ yẹn: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé wọ́n á sáré fi amọ̀ dí ojú ibẹ̀. Omi á kàn wá ojú mìíràn ni. Ẹ da yanrìn sí i, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, ẹ fi àpò yanrìn yí i ká, kí omi lè máa jáde láìkó yẹ̀pẹ̀. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìsédò oníyẹ̀pẹ̀ Teton ní Idaho, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ga ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1976, àárọ̀ ni wọ́n rí omi dídọ̀tí tó ń yọ lára rẹ̀. Kí aago 12 ọ̀sán tó lù, ó ti já.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Alákùrọ̀ fẹ́ kí omi kún títí di ẹ̀ẹ̀rùn. Ará ìsàlẹ̀ fẹ́ kó fà. Tó bá jẹ́ àgbàrá lẹ torí rẹ̀ mọ ọ́n, ará ìsàlẹ̀ ló jàre. Ìsédò tó ti kún ní oṣù Kẹjọ, ibo ló fẹ́ gba òjò oṣù Kẹsàn-án sí? Ẹ fi páìpù ìsàlẹ̀ dín in kù nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kánjú tú u, kí ẹ̀gbẹ́ tó ti rin má bàa ya lulẹ̀.

Ẹ fẹnu kò sí àmì kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ agogo tàbí gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò fún nǹkan mìíràn lóru. Ẹ pín ara yín sí ọjọ́ ọjọ́ láti máa ṣọ́ omi. Tí omi bá ti ń gun orí ìsédò, kí olùṣọ́ má ṣe gorí rẹ̀ mọ́. Kó lu agogo. Ẹni tó bá gbọ́, kó gbé ọmọ, kó di àgbàlagbà mú, kó gba òkè lọ. Kó má dúró tú ewúrẹ́.