Bí ẹ ṣe lè fi fírísà kan kọ́ àwọn ọmọ bí òkun Àǹtákítíkà ṣe ń dì

L'Amẹ́ríkà, ètò PolarTREC ti mú ọ̀pọ̀ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì bá àwọn olùwádìí lọ sí ìpẹ̀kun ayé, níbi tí òkun ti ń dì. Olùkọ́ tó wà l'Óṣogbo kò ní láti wọkọ̀ kó tó fi díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà han ọmọ. Iyọ̀, píọ̀ wọ́tà àti fírísà ti tó. Iná ni gbogbo ọ̀rọ̀ o! Bí ti ilé ẹ̀kọ́ kò bá ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ bẹ àwọn tó ń ta omi tútù lágbègbè Ọjà Ọba.

Ẹ da píọ̀ wọ́tà méjì sínú abọ́ ike tó mọ́. Lítà kan nìyẹn. Ẹ po iyọ̀ gíráàmù 35 mọ́ ọn títí yóò fi yọ́. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, síbí ńlá méjì, tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí wọn kó tẹ́jú, súnmọ́ ọn. Bí iyọ̀ òkun ṣe máa ń pọ̀ tó nìyẹn. Ẹ bu omi lásán tó bá a dọ́gba sínú abọ́ kejì, kí ẹ gbé méjèèjì sí fírísà lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi lásán ni yóò kọ́kọ́ dì. 0°C ni tiẹ̀. Omi òkun kì í dì àfi tó bá tutù dé nǹkan bíi -1.8°C. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, torí pé bí omi iyọ̀ bá dì tán pátá, iṣẹ́ bàjẹ́. Tó bá dì dé ìdajì, ẹ yọ yìnyín rẹ̀, ẹ fi omi tútù ṣàn án wéré, kó yọ́ sínú ife. Kí àwọn ọmọ tọ́ ọ wò, kí wọ́n sì tọ́ èyí tó ṣẹ́kù nínú abọ́ wò. Ti inú abọ́ yóò níyọ̀ gan-an, nítorí bí omi bá ń dì, ńṣe ló ń lé iyọ̀ jáde.

Ẹ kán sóbò díẹ̀ sínú omi abọ́ yẹn kó pọ́n, ẹ rọra dà á gba ẹ̀gbẹ́ ife gíláàsì tí omi lásán wà nínú rẹ̀. Yóò rì lójú gbogbo wọn. Èmi fẹ́ràn èyí ju àwòrán inú ìwé lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tútù oníyọ̀ ṣe ń rì ní òkun Weddell l'Àǹtákítíkà, tó ń ṣàn lọ síhà àríwá nísàlẹ̀ òkun.

Nínú ọkọ̀ òkun àwọn olùwádìí, ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ CTD ni wọ́n ń fi wáyà sọ̀ sínú omi láti mọ iyọ̀, ìtutù àti jíjìn. Ọkọ̀ Jámánì kan, Polarstern, wà láàárín yìnyín Ákítíìkì, ìyẹn ìpẹ̀kun ayé lápá àríwá, fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún 2019 sí 2020 fún irú ìwádìí báyìí. Kí àwọn ọmọ ya gíráàfù irú èyí tí CTD ń mú wá: òdo lókè, kí nọ́ńbà jíjìn máa pọ̀ sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Wọn á jiyàn pé olùkọ́ ìṣirò kò kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ òkun ṣe ń yà á nìyẹn.