Bí a ṣe ń tọ́pa ẹgbẹ́ òṣèlú tó dá àbádòfin ìgbéyàwó dúró

Tí àbádòfin tó máa jẹ́ kí ọkùnrin fẹ́ ọkùnrin, kí obìnrin fẹ́ obìnrin, bá há sílé aṣòfin, ẹ má tètè gbà pé àwọn tó fẹ́ ẹ ni kò pọ̀ tó. Ẹ wádìí ẹni tó lágbára láti ní kí wọ́n má dìbò.

Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní Jámánì, ìgbìmọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ òfin ní Bundestag, ìyẹn ilé aṣòfin wọn, sún ọ̀rọ̀ yìí síwájú léraléra. Ẹgbẹ́ SPD fẹ́ òfin náà, àmọ́ wọ́n ti bá CDU àti CSU ṣàdéhùn ìjọba àjọṣe, àwọn yẹn ò sì fẹ́ ẹ. Nítorí náà, ẹ ka ìwé àdéhùn ìjọba kẹ́ ẹ tó ka ìlérí ìpolongo. Nígbà tí Angela Merkel, olórí ìjọba Jámánì àti ẹgbẹ́ CDU nígbà náà, sọ lóṣù kẹfà ọdún 2017 pé kí kálukú tẹ̀ lé ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí wọ́n fi dìbò: 393 gbà, 226 kọ̀. Merkel alára wà lára àwọn tó kọ̀.

Ẹ wá ka òfin tí ilé fi ń dìbò. Ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ní Northern Ireland, lóṣù kọkànlá ọdún 2015, ọmọ ilé 53 gbà, 52 kọ̀, síbẹ̀ àbá náà ṣubú. Ìdí ni petition of concern, ìyẹn ìwé ẹ̀hónú táwọn ọmọ ilé máa ń fọwọ́ sí. Nígbà náà, bí ọmọ ilé 30 nínú 108 bá ti fọwọ́ sí i, kí ìbò pọ̀ jù lápapọ̀ ò tó mọ́: àwọn unionist (tó fẹ́ wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì) àti àwọn nationalist (tó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ Republic of Ireland) gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹgbẹ́ DUP, ẹgbẹ́ unionist tí ò fẹ́ òfin náà, nìkan ní ọmọ ilé 38. Ohun tí wọ́n ṣe kí apá kan má bàa rẹ́ èkejì jẹ ni wọ́n fi dínà fáwọn mìíràn tí ò pọ̀, ìwà yẹn ò dáa rárá. Ẹ kọ iye mẹ́ta sílẹ̀: gbogbo ọmọ ilé, iye tó lè dínà, iye tí ẹgbẹ́ tó ń kọ̀ ní. Lẹ́yìn ìbò 2017, DUP di 28, wọn ò lè dá dínà mọ́, ṣùgbọ́n ilé ọ̀hún fúnra rẹ̀ ò jókòó. Ilé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù ló padà ṣòfin náà ní 2019.

Bí olórí ẹgbẹ́ bá ní ká bi ará ìlú, ẹ wo bóyá ìwé òfin ilẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Republic of Ireland, wọn ò lè yí ìwé òfin ilẹ̀ padà láìsí ìbò ará ìlú, wọ́n sì dì í ní 2015. Ní Ọsirélíà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ ní 2013 pé ilé aṣòfin lágbára láti ṣòfin náà fúnra wọn. Síbẹ̀, lóṣù kẹjọ 2015, ìpàdé ẹgbẹ́ Tony Abbott, olórí ìjọba nígbà náà, kọ ìbò ẹ̀rí ọkàn, ọ̀rọ̀ sì di ti ará ìlú. Nígbà tí wọ́n padà fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sílé àwọn olùdìbò ní 2017, 61.6 nínú ọgọ́rùn-ún gbà, òfin sì jáde lóṣù kejìlá. Ó lé lọ́dún méjì lẹ́yìn ìpàdé yẹn, kò sì sí òfin kankan tó ní kí wọ́n dúró.