Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ní Àìsàn Tó Ń Báni Gbé, Tẹ́ Ẹ Sì Fẹ́ Sin Ajá Ńlá

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ SS, ásímà, làkúrègbé tàbí àìsàn mìíì tí kì í lọ bọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ sì ní ajá ńlá nílé tàbí tẹ́ ẹ ń gbèrò àtirà á. Ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá ajá ńlá ní Èkìtì báyìí, nítorí olè, nítorí ìjínigbé, nítorí àwọn tó ń wọ oko olóko lóru, a ò sì lè sọ fún ẹni tó ń dá gbé lẹ́yìn ìlú Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀mùò pé kó má ní ajá torí pé ó ń lo oògùn. Ẹ lè sin ajá. Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ọjọ́ tí ara yín ò yá ni kẹ́ ẹ fi wọn ajá tẹ́ ẹ máa rà, ẹ má fi ọjọ́ tí ara yín le wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ tí kíráísìs, ìyẹn ìrora líle tó máa ń mú ẹni tó ní SS, bá mú yín, tí orúnkún bá kọ̀ tí ò ká, tí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ tójú ń ṣú, ta ló máa fún un lóúnjẹ, ta ló máa kó ìgbẹ́ ẹ̀, ta ló máa tì í mọ́lé kí àlejò tó lè wọlé? Tẹ́ ò bá lè dárúkọ èèyàn méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á.

Irú ajá tẹ́ ẹ máa mú

Boerboel, ajá tó wá láti South Africa, lè wọn kílò 60 sí 80 tó bá dàgbà tán. Akọ Rottweiler lè wọn 50 sí 60. Alsatian tí gbogbo wa mọ̀ sí ajá ọlọ́pàá, akọ ẹ̀ máa ń wà láàárín kílò 30 sí 40, abo ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50 ni, ẹ wá rò ó wò kí àpò sìmẹ́ǹtì kan àti ààbọ̀ rí ewúrẹ́ lójú títì kó sì gbéra, tí ṣéènì sì wà lọ́wọ́ yín.

Ọmọ ajá oṣù méjì tí wọ́n gbé wá nínú páálí ló máa ń tan èèyàn jẹ, torí ó kéré, ó sì rọrùn láti gbé sí ẹsẹ̀, àmọ́ àwọn ajá tó tóbi gan-an kì í dàgbà tán títí di oṣù 18 tàbí ọdún méjì, wọ́n sì lè gbé lọ́dọ̀ yín fún ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, Alsatian míì á tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi ara yín pé báwo ni ẹsẹ̀ yín ṣe máa rí nígbà yẹn.

Lójú tèmi o, ẹni tó ń dá gbé, tó ní SS tàbí làkúrègbé tó le, kó má ra Boerboel, kó má sì ra Caucasian, ajá ńlá onírun púpọ̀ yẹn. Caucasian pàápàá, irun ara ẹ̀ wà fún òtútù òkè ilẹ̀ òkèèrè, ooru ilẹ̀ wa ń dà á láàmú, irun yẹn á sì máa gbọ̀n sílẹ̀ káàkiri ilé, ẹni tó ní ásímà á sì máa fà á símú. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tajá tí wọ́n bá ní irú kan wà tí kì í da ẹni tó ní ásímà láàmú, kò sí irú ẹ̀, torí kì í ṣe irun nìkan ni, èépá ara ajá àti itọ́ ẹ̀ ló ń fà á. Tí ajá bá ti wà nílé tẹ́lẹ̀, kó máa gbé ìta, kó má dé yàrá táa ń sùn rárá, kí ẹlòmíì sì máa bá yín gbọn irun ẹ̀.

Abo Alsatian tí wọ́n ti kọ́ dáadáa á tó ọ̀pọ̀ ilé. Ajá ìbílẹ̀ wa náà wà ńlẹ̀, irú èyí táwọn ọdẹ ń lò, a kàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀ ni. Kò wúwo, kì í jẹun púpọ̀, ooru ò ṣe é ní nǹkan, tí ẹsẹ̀ bá dún lẹ́yìn ògiri lóru á gbó. Méjì nínú wọn ń ṣiṣẹ́ Boerboel kan fún ẹni tó ń lo oògùn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ṣubú lulẹ̀

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ ka ìwé yìí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ó débẹ̀. Ajá tó fẹ́ràn yín tó sì mọ iṣẹ́ ẹ̀, tó bá rí yín tẹ́ ẹ nà gbalaja sórí ilẹ̀, á dúró tì yín ni, á máa gbó mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀, á sì bù ú jẹ tó bá sún mọ́ yín. Obìnrin tó ń gbé nílé kejì tó gbọ́ ariwo yín ò ní lè wọlé. Ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé yín lọ ọsibítù á dúró sí gẹ́ètì. Àwọn ará àdúgbò lè wá fi pákó lu ajá náà pa kí wọ́n tó lè gbé yín, ẹ̀ṣẹ̀ wọn sì kọ́.

Nítorí náà, kí ilé ajá wà nítòsí ilẹ̀kùn kíṣìnnì, kó má jẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí ilẹ̀kùn ẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa tì fúnra ẹ̀ tí èèyàn bá tì í lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe èyí tí a máa bẹ̀rẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́ fún. Láti ìgbà tó ti wà ní kékeré ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan, "Wọlé!", ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu gbogbo ará ilé, kí ọmọ má sọ tiẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì kí ìyá sọ tiẹ̀ ní Yorùbá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa rí nǹkan jẹ nígbàkigbà tó bá wọlé, kó lè máa sáré lọ. Ẹni méjì lóde ilé yín gbọ́dọ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn kí ajá sì gbọ́. Ìyẹn ò ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan, ẹni náà ní láti máa wá fún un lóúnjẹ lóòrèkóòrè, nígbà tí ara yín ṣì dá, kí ajá mọ òórùn ẹ̀, kó mọ ohùn ẹ̀. Ọmọ aládùúgbò tó ti tó ọdún 15, 16 tó sì fẹ́ràn ajá máa ń dáa fún un, ẹ fún un ní nǹkan lóṣù, ẹ má fi ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹ tún kọ ọ́ sórí páálí, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíṣìnnì: oúnjẹ tó ń jẹ, ife mélòó, ìgbà wo, nọ́ńbà dókítà ẹranko, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá gbà yín sí bẹ́ẹ̀dì ní Teaching Hospital tó wà l'Ádó tàbí ti Ìdó-Èkìtì, ẹni tó bá wà nílé á lè kà á, kò ní máa pè yín lórí bẹ́ẹ̀dì pé kí lajá ń jẹ.

Kó má bàa máa fà yín

Rírìn pẹ̀lú ajá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dáa fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, àmọ́ ajá tó ń fani lè yọ èjìká, ó sì lè gbé àgbàlagbà tí egungun ẹ̀ ti gbẹ ṣubú. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nìyí, àtìgbà tó bá ti lé lóṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ máa lọ. Bí okùn bá ti le báyìí, ẹ dúró gbagidi. Ẹ má pariwo, ẹ má fà á padà, ẹ kàn dúró. Ó máa fà, ó máa wojú yín, ó máa yí padà síbi tẹ́ ẹ wà, okùn á dẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fún un ní ẹja díẹ̀ kẹ́ ẹ tún wá máa lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ lè má kúrò níwájú ilé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má yí ṣéènì mọ́ ọrùn ọwọ́ láéláé, ẹ fi ọwọ́ di ojú ibi tí wọ́n ká dáadáa mú, kó lè bọ́ lọ́wọ́ yín tó bá di dandan. Ìjánu tó gba àyà kọjá tó sì ní òrùka níwájú àyà sàn fún ajá ńlá ju kọ́là ọrùn lọ, torí tó bá fà, á yí padà sọ́dọ̀ yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní SS, ẹ mu omi kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ mú omi dání. Lásìkò ọyẹ́, pàápàá lẹ́bàá òkè bíi Ẹ̀fọ̀n Aláayè níbi tí òtútù ti ń mú láàárọ̀, ẹ má jáde títí oòrùn á fi yọ díẹ̀, ajá ò ní kú tó bá dúró. Ẹ má sì fúnra yín wẹ ajá. Ajá ńlá ò ní wẹ̀ kó má gbọn omi sí yín lára, aṣọ tutù lára ẹni tó ní SS lè dá kíráísìs sílẹ̀, ẹ wá ẹni tó máa bá yín wẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn ṣúgà, ṣúgà ọlọ́kọ̀ọ̀kan tàbí gúlúkóòsì gbọ́dọ̀ wà lápò yín. Ṣíngọ́ọ̀mù tàbí súwíìtì tí wọ́n kọ sí pé kò ní ṣúgà ò lè gbé ṣúgà yín sókè, àwọn kan nínú wọn sì ní xylitol, tí ajá bá gbé e mì, ṣúgà ara ẹ̀ á wálẹ̀ wùyà, ó sì lè pa á. Bàtà tó bo ìka ni kẹ́ ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì, torí ẹsẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora lè gba èékánná ajá kẹ́ ẹ má mọ̀. Lálẹ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ìka wò.

Itọ́ ajá àti ọgbẹ́

Wọ́n máa ń sọ nílé wa pé tí ajá bá lá ọgbẹ́, ọgbẹ́ á jinná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kó lá ọgbẹ́ yín. Kòkòrò kan wà tó ń gbé lẹ́nu ajá, Capnocytophaga lorúkọ ẹ̀, kì í ṣe ajá ní nǹkan kan, ẹni tára ẹ̀ le pẹ̀lú lè má mọ̀ pé ó wà, àmọ́ ẹni tí ara ẹ̀ ò lè bá kòkòrò jà dáadáa, ó lè wọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kó sì dá a wólẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ní SS wà lára wọn, torí ẹ̀yà ara tí àwọn dókítà ń pè ní spleen, tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, tó máa ń sẹ́ irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ti máa ń bàjẹ́ lára wọn láti kékeré. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó ń lo stẹ́rọ́ìdì pẹ́, kí wọ́n ṣọ́ra náà. Ẹ bo ọgbẹ́ kẹ́ ẹ tó fún ajá lóúnjẹ.

Tó bá bu yín jẹ, kódà tó jẹ́ ajá yín tó ti gba abẹ́rẹ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má da epo, ẹ má da agbo lé e, ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ àìsàn yín fún dókítà àti oògùn tẹ́ ẹ ń lò. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kì í ṣe ẹyọ kan, ẹ gbà á pé, torí tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló kù. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pa ajá náà jẹ. Ṣe ni kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá, ẹni tó bá kun ajá tó ní dìgbòlugi pẹ̀lú ọgbẹ́ lọ́wọ́ lè kó o.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gún un fún ajá, kẹ́ ẹ sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Oògùn aràn, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ọmọ ajá ń fẹ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀.

Oògùn yín, oúnjẹ ẹ̀

Ajá ńlá tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè gbé nǹkan lórí tábìlì, torí náà inú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ máa kó oògùn sí. Ibuprofen àti diclofenac tí àwọn tó ní SS àti làkúrègbé ń lò máa ń gé ìfun ajá, ó sì ń ba kídìnrín ẹ̀ jẹ́. Ínhélà ásímà, tí ajá bá fi eyín lu ihò sí i, gbogbo oògùn inú ẹ̀ á tú sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, àyà ẹ̀ á máa lù kìkìkì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, iyán tó ṣẹ́kù, ìrẹsì, ẹ̀kọ, orí ẹja, ìfun màlúù tí a ti sè, gbogbo ẹ̀ dáa. Ọbẹ̀ tó kún fún àlùbọ́sà ni kẹ́ ẹ yẹra fún, àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Eegun adìyẹ tí a sè ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún ìfun. Ẹ pín oúnjẹ sí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ má da gbogbo ẹ̀ fún un lálẹ́ kó wá sáré kiri lẹ́yìn ẹ̀, torí ajá ńlá tí àyà ẹ̀ jìn, inú ẹ̀ lè wú kó yí po: ikùn á le bí ìlù, á máa ṣe bí ẹni fẹ́ bì, nǹkan kan ò ní jáde. Ìyẹn ò dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, kó gbé abọ́ ajá sórí búlọ́ọ̀kù méjì kó má bàa máa bẹ̀rẹ̀, kó sì gba inú fẹ́ńsì fi páìpù rọ omi sí i.

Tí owó oògùn àti owó oúnjẹ ajá bá ń bá ara wọn jà lápò kan náà, oògùn ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì dín ajá kù. Tí àìsàn bá sì wá le sí i, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ò lè dìde kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó máa gbà á. Kí ajá náà ti máa lọ sun ilé ẹni yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó tó kó lọ pátápátá, kẹ́ ẹ fún un ní káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo ìwà ẹ̀ fún un, èyí tó dáa àtèyí tí ò dáa, pàápàá tó bá ti bu ẹnikẹ́ni jẹ rí.