Ohun tó sábà máa ń já ọkọ̀ òfurufú kékeré lulẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Má gba géèjì epo gbọ́. Ki ọ̀pá ìwọnpo bọ inú táǹkì, kí o fojú ara rẹ rí i. Fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì kọ̀ọ̀kan sínú ife tó mọ́ gaara: àwọ̀ búlúù ni 100LL, epo tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kékeré ń lò, máa ń ní, omi sì wúwo jù ú lọ, ìsàlẹ̀ ife ló máa ń jókòó sí. Máa fà á títí omi á fi tán.

Èyí tó léwu jù ni ìyípo ìkẹyìn kí ọkọ̀ tó balẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á yípo kọjá ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, á wá fẹsẹ̀ tẹ rọ́dà (ohun tó ń yí imú ọkọ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì) láti fi fa imú ọkọ̀ padà, á tún fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra. Apá ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀ nínú ìyípo náà á pàdánù agbára tó gbé e dúró, ọkọ̀ á yí dànù, ilẹ̀ á sì ti sún mọ́ jù. Bí ọkọ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 60° nínú ìyípo láì sọ̀kalẹ̀, ìyára tí apá ti ń kọ̀ láti gbé e á fi nǹkan bí 41% lé sí i. Má kọjá 30°. Bí o bá ti kọjá ojú ọ̀nà, ti tìrótù (ọwọ́ tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára) síwájú, gòkè, kí o tún un bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì oníkábúrétọ̀ bá ń pàdánù agbára nínú afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin, yìnyín lè ti dì nínú kábúrétọ̀; fa ọwọ́ ooru kábúrétọ̀ síta tán. Ẹ́ńjìnnì lè kọ́kọ́ máa gbọ̀n bí yìnyín ṣe ń yọ́. Má ti ọwọ́ náà padà.